Àtọ̀gbẹ

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, aránṣọ ni. Ṣòkòtò ara rẹ̀ ni mo fi mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe é. Mo bá a lọ́jọ́ kan nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó tú ìbàdí ṣòkòtò kan, ó ń gbà á wọlé. Mo ṣe bí ti oníbàárà ni. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, mo tún bá a. Ṣòkòtò yẹn náà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìbàdí yẹn náà ló tún ń gbà wọlé. Ìgbà kẹta ni mo tó béèrè. Ó ní, "Ara ló ń fúyẹ́, ọmọ mi. Àgbà ti dé." Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ti fà mí sí kọ̀rọ̀ ṣáájú: bàbá ń dìde lóru tó ìgbà mẹ́fà, ìgbà méje, láti lọ tọ̀. Jọ́ọ̀gì omi tí ìyá sì ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún un, kí ilẹ̀ tó mọ́, yóò ti tán.

A mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tó gbà wá, ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni. Ó kúnlẹ̀ kí bàbá kó tó mú bírò. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ ní ìtọ̀ ṣúgà tẹ́lẹ̀?" Bàbá fọwọ́ sọ̀yà. "Rárá o, ọmọ mi. Èmi kì í fẹnu kan ṣúgà. Ẹ̀kọ tí mò ń mu gan-an, n kì í fi sí i." Nọ́ọ̀sì kọ "rárá" sínú fáìlì. Wọ́n fún wa ní oògùn ibà, a padà sílé. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, bàbá kò lè dìde mọ́. Ilé ìwòsàn mìíràn la gbé e lọ, wọ́n gún un ní ìka, ẹ̀rọ kékeré ọwọ́ wọn sì kọ 412. Iye tó yẹ kí èèyàn ní láàárọ̀ tí kò tíì jẹun kò tó 100.

Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ méjì ti ń gbé lọ́kàn mi: ìtọ̀ ṣúgà àti àtọ̀gbẹ. Àìsàn kan náà la ń fi méjèèjì pè. Ṣùgbọ́n ká ní nọ́ọ̀sì yẹn ti bi í pé, "Bàbá, ṣé ẹ ń tọ̀ jù, tí ara yín sì ń gbẹ?" ìdáhùn ìbá ti jáde lẹ́nu bàbá kí ọmọ náà tó parí ọ̀rọ̀. Ohun tí àtọ̀gbẹ, ọ̀rọ̀ àtijọ́ yẹn, ń sọ gẹ́lẹ́ ló ń bá a lálejò lóru.

Ẹ jẹ́ ká tú u bí aránṣọ ṣe ń tú aṣọ. À, tọ̀, gbẹ. Sílébù mẹ́ta péré. "À" iwájú yìí la fi ń sọ ohun tí èèyàn ń ṣe di orúkọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀-ìṣe méjì bá tò tẹ̀ lé e, èkíní ni iṣẹ́, èkejì sì ni ibi tí iṣẹ́ náà gbé èèyàn jù sí. Ẹni tó mu àmupara, ó mu, mímu náà sì di ìparun ara rẹ̀. Ẹni tó jẹ àjẹyó, ó jẹ, ó sì yó. Ìlú tó kú àkúrun, wọ́n kú, wọ́n sì run láìku ẹnìkan. Àtọ̀gbẹ wà nínú ẹbí yìí: ó tọ̀, ó sì gbẹ. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ kò ka àmì àìsàn méjì sílẹ̀ lásán. Ó fi ọ̀kan ṣe ìdí èkejì. Ìtọ̀ yẹn ló ń gbẹ ẹ́.

Ẹ wá wo "gbẹ" fúnra rẹ̀. Odò a máa gbẹ, aṣọ orí okùn a máa gbẹ, ọbẹ̀ a máa gbẹ lórí iná. Ọ̀gbẹlẹ̀ ni a ń pe ìgbà tí òjò kọ̀ tí ilẹ̀ gbẹ. Èèyàn náà a máa gbẹ: bí a bá rí ẹni tó ti tóbi tẹ́lẹ̀ tí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá yọ, a ó ní, "Lágbájá mà gbẹ o." Ọ̀kan ṣì wà tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn. Kí ni Yorùbá ń sọ bí omi bá ń wù ú mu? Òùngbẹ ń gbẹ mí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni "gbẹ" dún nínú gbólóhùn kúkurú yẹn. Nítorí náà, nínú àtọ̀gbẹ, etí tó bá mọ èdè ń gbọ́ nǹkan mẹ́ta pọ̀: ìtọ̀ àpọ̀jù, ara tó ń joro, àti òùngbẹ tí kò ṣeé pa. Nǹkan mẹ́ta yìí gan-an ni wọ́n ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn dòní olónìí pé kó kọ́kọ́ wá lára ẹni tí wọ́n bá fura sí.

Nǹkan kan ṣoṣo ni kì í gbẹ lára alátọ̀gbẹ, egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ ni. Ara gbogbo ń gbẹ, ojú egbò ń tutù. Mo ti rí i, n kò sì fẹ́ tún rí i mọ́.

Mo gbọ́dọ̀ dúró díẹ̀ níbi àṣìgbọ́ kan, torí ó ń pa àwọn ọkùnrin wa lára. Àtọ̀ tún jẹ́ orúkọ omi ọkùnrin, èyí tí à ń fi bímọ. Ohùn rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ìdajì àkọ́kọ́ nínú àtọ̀gbẹ. Nítorí èyí, àwọn kan ń tú ọ̀rọ̀ náà sí "àtọ̀ tó gbẹ", wọ́n sì gbà pé àìsàn àwọn tí kò lè ṣe ọkọ mọ́ ni. Ìtumọ̀ yẹn kò tọ̀nà. Ẹ wo mọ̀lẹ́bí rẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù, àtọ̀sí, àti àtọ̀sí ajá tí àwọn ọmọ tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú odò máa ń kó tí wọ́n á fi máa tọ ẹ̀jẹ̀. Ọ̀rọ̀ títọ̀ ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ibi tí àṣìgbọ́ náà ti ń gba agbára ni pé àìsàn yìí, bó bá pẹ́ lára, a máa ba iṣan àti òpó ẹ̀jẹ̀ jẹ́, ó sì lè gba okun ọkùnrin lọ́wọ́ rẹ̀ lóòótọ́. Ọkùnrin tó bá wá gbọ́ "àtọ̀gbẹ" ní ìtumọ̀ kejì yẹn, ìtìjú ni yóò kọ́kọ́ mú un. Yóò fi àìsàn pamọ́ fún ìyàwó, yóò fi pamọ́ fún dókítà, yóò sì lọ máa ra àgúnmu lọ́wọ́ ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn polówó nínú bọ́ọ̀sì.

Ohun tí àwọn àgbà wa rí, àwọn ẹlòmíràn náà rí i. Ó ku díẹ̀ kó pé ẹgbẹ̀rún ọdún méjì báyìí tí oníṣègùn kan tó ń jẹ́ Aretaeus, ará Kapadókíà ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Tọ́kì lónìí, fi èdè Gíríìkì kọ̀wé nípa àìsàn tó ń yọ́ ẹran ara àti apá àti ẹsẹ̀ èèyàn di ìtọ̀. Orúkọ tí àwọn Gíríìkì fún un ni diabetes, láti inú ọ̀rọ̀ kan tó túmọ̀ sí kí nǹkan gba inú nǹkan kọjá láìdúró. Bí omi ṣe ń gba inú ọ̀pá kọjá ni omi ń gba inú aláìsàn kọjá. Ọ̀rọ̀ wọn dára. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ wọn dúró sí àti ibi tí tiwa dúró sí. Omi ni diabetes ń wò, bó ṣe wọlé tó sì jáde. Èèyàn ni àtọ̀gbẹ ń wò, òun tó kù sílẹ̀ lẹ́yìn tí omi ti lọ tán.

Kò sí ṣúgà nínú ọ̀rọ̀ wọn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nínú tiwa. Àwọn ará Íńdíà ló kọ́kọ́ fi adùn sí i. Nínú ìwé ìṣègùn wọn àtijọ́, madhumeha ni wọ́n ń pè é, ìtọ̀ oyin, wọ́n sì rí i pé èèrà ń lọ bá a. Ẹni tó bá dàgbà nínú agboolé tí wọ́n ti ń tọ̀ sí ẹ̀yìnkùlé kò nílò ìwé kankan láti gba èyí gbọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Thomas Willis kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1674 pé ìtọ̀ àwọn aláìsàn yìí dùn bí ẹni pé a po oyin tàbí ṣúgà mọ́ ọn. Ọgọ́rùn-ún ọdún kọjá kí Matthew Dobson, dókítà kan ní Liverpool, tó jẹ́rìí sí i ní 1776. Ó se ìtọ̀ aláìsàn kan títí omi rẹ̀ fi gbẹ, ohun funfun kan kù nísàlẹ̀ ìkòkò tó jọ ṣúgà lójú àti lẹ́nu. Èyí jẹ́ ohun ìrònú fún mi. Liverpool ìgbà yẹn ni èbúté tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ti ń gbéra wá kó àwọn èèyàn wa ní etíkun yìí, tí wọ́n ń gbé wọn lọ sí oko ìrèké ní òdìkejì òkun. Ṣúgà tí Dobson mọ adùn rẹ̀, ọwọ́ ẹrú ló ti wá.

Ìyẹn náà ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ìtọ̀ ṣúgà kò lè pẹ́ tó àtọ̀gbẹ nínú èdè wa. Ṣúgà, ọ̀rọ̀ àyálò ni. Àwọn ìyá wa àgbà ń pè é ní iyọ̀ òyìnbó nígbà tó ṣì jẹ́ àlejò. Àtọ̀gbẹ kò yá nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n báwo ni ṣúgà ṣe ń di ìtọ̀, tí ìtọ̀ sì ń di gbígbẹ? Kíndìnrín méjèèjì ló ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ wa. Omi tí wọ́n ń sẹ́ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ láàárín ọjọ́ kan tó 180 lítà. Bí gbogbo rẹ̀ bá jáde, èèyàn kò ní rí ọ̀sán. Nítorí náà ni kíndìnrín ṣe ń dá a padà sínú ẹ̀jẹ̀, àfi nǹkan bíi lítà kan sí méjì tó ń jáde bí ìtọ̀. Ṣúgà náà, wọ́n ń dá gbogbo rẹ̀ padà, níwọ̀n ìgbà tí kò bá pọ̀ jù. Kì í pọ̀ rárá: bí a bá kó gbogbo ṣúgà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá jọ, ṣíbí tíì kan ni, nǹkan bíi gíráàmù márùn-ún. Bó bá wá ga kọjá 180 lórí òdiwọ̀n tí ẹ̀rọ fi kọ 412 fún bàbá, ọwọ́ kíndìnrín kò ní ká a mọ́. Ṣúgà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sínú ìtọ̀. Ṣúgà kì í sì í dá rìn. Ẹni tó bá ti fi iyọ̀ sílẹ̀ láìbò nígbà òjò mọ bó ṣe ń fa omi mọ́ra títí yóò fi rin. Bẹ́ẹ̀ ni ṣúgà ṣe ń fa omi tẹ̀ lé ara rẹ̀ jáde. Tọ̀. Ara tí omi ń fi sílẹ̀ yóò ké fún omi. Òùngbẹ. Oúnjẹ tó yẹ kó di okun, ìyẹn ṣúgà yẹn, ti bá ìtọ̀ lọ, ara yóò wá yíjú sí ọ̀rá àti ẹran ara rẹ̀, yóò máa jẹ ẹ́. Gbẹ.

Ta ló wá jẹ́ kí ṣúgà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀? Ọdún 1889 ni àwọn ọmọwé méjì, Josef von Mering àti Oskar Minkowski, yọ ẹ̀yà ara kan kúrò nínú ajá ní Strasbourg. Pancreas ni ẹ̀yà náà. Ó gùn tó ìbú ọwọ́ kan àti ààbọ̀, ó nà gbalaja sẹ́yìn ikùn oúnjẹ, orí rẹ̀ wà nínú kọ́lọ́fín ìbẹ̀rẹ̀ ìfun, ìrù rẹ̀ kọjú sí ìhà òsì. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì ni orúkọ rẹ̀ náà, "ẹran látòkèdélẹ̀" ni ìtumọ̀ rẹ̀, torí kò ní egungun, kò ní kèrékèré. Ajá tó ti mọ ìta lò tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ káàkiri ilé. Wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, ṣúgà ló kún inú rẹ̀. Ajá náà ń tọ̀, ó sì ń gbẹ.

Ogún ọdún ṣáájú, ní 1869, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Berlin, Paul Langerhans, ẹni ọdún 21, ti fi ẹ̀rọ awò-kékeré wo pancreas. Ó rí i pé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń po omi tó ń da oúnjẹ, ó sì ní ojú ọ̀nà tó ń gbà tú u sínú ìfun, gẹ́gẹ́ bí itọ́ ṣe ní ojú ọ̀nà tó ń gbà wọ ẹnu. Ṣùgbọ́n láàárín rẹ̀, ó rí àwọn ìdì kéékèèké kan tí àwọ̀ wọn yàtọ̀, wọ́n dá dúró kọ̀ọ̀kan kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ọ̀nà tó jáde láti ọ̀dọ̀ wọn. Ó kọ ohun tó rí, kò mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Àwọn tó tẹ̀ lé e pè wọ́n ní erékùṣù Langerhans. Wọ́n tó mílíọ̀nù kan nínú ènìyàn kọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ gbogbo wọn lápapọ̀ kò ju ìdá kan tàbí méjì nínú ọgọ́rùn-ún pancreas lọ. Láti ọ̀dọ̀ insula, ọ̀rọ̀ Látìn fún erékùṣù, ni wọ́n ti fa orúkọ insulin yọ. Ẹni tó ń gún insulin l'Ékòó, orúkọ erékùṣù ló ń gún sára lórí erékùṣù.

Àìlọ́nà-àbájáde yẹn ni àṣírí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Gílándì, ìyẹn ẹ̀yà ara tó ń po omi fún ara lò, bó bá ní ojú ọ̀nà, ibi tí ọ̀nà bá já sí nìkan ló lè ránṣẹ́ sí. Èyí tí kò ní, inú ẹ̀jẹ̀ ló ń tú iṣẹ́ rẹ̀ sí, ẹ̀jẹ̀ sì ń dé gbogbo ilé. Ní 1905, Ernest Starling dúró níwájú àwọn dókítà ní London, ó lo orúkọ tuntun fún irú omi iṣẹ́ bẹ́ẹ̀: họ́mọ́ọ̀nù, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí ru sókè, ta jí. Ọ̀rọ̀ alágbára ni. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ní kí n wá orúkọ fún un nínú ogún wa, àrokò ni mo máa fi pè é. Ẹ rántí bí àrokò ṣe ń rìn. Wọ́n á di owó ẹyọ mọ́ ìyẹ́, wọ́n á fi rán ìránṣẹ́. Yóò gba ọjà kọjá, yóò gba ẹnu bodè kọjá, gbogbo èèyàn yóò rí i. Ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí nìkan ló máa kà á. Insulin ń kọjá lára gbogbo ẹ̀yà tí ẹ̀jẹ̀ ń dé, ṣùgbọ́n iṣan ẹran ara, ọ̀rá àti ẹ̀dọ̀ ló ń ka tirẹ̀ jù: ẹ ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà, ẹ kó o pamọ́. Nígbà tí àrokò yìí kò bá dé, ṣúgà yóò kún òde, ebi yóò máa pa àwọn tó wà nínú ilé.

Ní oṣù kìíní ọdún 1922, ọmọkùnrin kan wà ní ilé ìwòsàn ní Toronto ní Kánádà, Leonard Thompson lorúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún 14 ni, ìwọ̀n ara rẹ̀ kò ju nǹkan bíi kílò 29 lọ. Ẹ fojú inú wò ó. Kò sí èdè tó lè pe ọmọ yẹn ju bí tiwa ṣe pè é lọ. Frederick Banting àti Charles Best ti ń yọ omi erékùṣù láti ara ẹran. Ní ọjọ́ 11, wọ́n gún un fún ọmọ náà, kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. James Collip tún omi náà ṣe kó mọ́ sí i, ní ọjọ́ 23 wọ́n tún gún un. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀, ìtọ̀ rẹ̀ dín, ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í lókun. Ó tún lo ọdún 13 sí i láyé.

Mo fẹ́ padà sórí ọ̀rọ̀ náà wàyí, torí ohun kan wà tí àtọ̀gbẹ mọ̀ tí ìtọ̀ ṣúgà kò mọ̀. Ẹnì kan lè tọ̀ títí kó gbẹ, kí ṣúgà má sì sí nínú ìtọ̀ rẹ̀ rárá.

Nísàlẹ̀ ọpọlọ, lẹ́yìn imú, egungun kan wà tó ní kòtò bíi gàárì ẹṣin. Inú kòtò yẹn ni gílándì kan jókòó sí, kò ju hóró ẹ̀wà lọ, ó so rọ̀ mọ́ ọpọlọ bí èso. Pituitary ni wọ́n ń pè é, orúkọ àṣìṣe sì ni. Pituita ni kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ní èdè Látìn. Àwọn àtijọ́ rò pé ibẹ̀ ni ọpọlọ ti ń da kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sínú imú. Gílándì tó ń pàṣẹ ìdàgbàsókè ọmọdé, tó ń pàṣẹ fún ọmú ìyá kó ṣe wàrà, tó ń bá gílándì ọrùn sọ̀rọ̀, ló ń jẹ́ orúkọ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ títí dòní. Láti apá ẹ̀yìn rẹ̀ ni àrokò kan ti ń lọ sí kíndìnrín: ẹ dá omi padà. Vasopressin lorúkọ rẹ̀. Ọtí a máa dí i lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó jókòó ti agbè ẹmu fi ń dìde lọ tọ̀ ṣáá, tí ẹnu wọn sì ń gbẹ lọ́jọ́ kejì. Bí ìjàǹbá, iṣẹ́ abẹ tàbí kókó kan bá wá ba ibẹ̀ jẹ́ pátápátá, kíndìnrín kò ní gbọ́ àṣẹ mọ́. Èèyàn lè tọ lítà mẹ́wàá, kó tọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ìtọ̀ náà mọ́ gaara bí omi òjò. Èèrà kò ní yà síbẹ̀.

Àwọn òyìnbó pe ìyẹn ní diabetes insipidus, èyí tí kò ládùn, láti fi yà á sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó dùn bí oyin. Ìyà ọ̀rọ̀ náà pọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera rí "diabetes" nínú fáìlì, wọ́n rò pé ti ṣúgà ni, wọ́n wọn ṣúgà, wọ́n gbàgbé omi, nígbà tó jẹ́ pé omi àti oògùn vasopressin ni ẹ̀mí aláìsàn náà rọ̀ mọ́. Ní 2022, àwùjọ àwọn dókítà họ́mọ́ọ̀nù láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ dábàá pé kí wọ́n pa orúkọ yẹn tì, kí wọ́n máa pè é ní àìtó vasopressin, tàbí kí wọ́n pè é ní àìgbọ́ràn sí vasopressin, bó bá jẹ́ kíndìnrín ni kò gbọ́. Mo gbà pẹ̀lú wọn. Ní ilé ìwòsàn, orúkọ gbọ́dọ̀ tọ́ka sí gílándì tó dákẹ́, torí ibẹ̀ ni oògùn ń lọ. Ṣùgbọ́n nínú yàrá lóru, níbi tí kò sí dókítà, àtọ̀gbẹ bo àwọn méjèèjì, ó sì rán àwọn méjèèjì sọ́dọ̀ ẹni tó lè mọ ìyàtọ̀.

Ibi tí àtọ̀gbẹ ti já wa kulẹ̀ náà wà, mi ò ní fi pamọ́. Irú ìtọ̀ ṣúgà tó wọ́pọ̀ jù láyé báyìí, insulin ń bẹ níbẹ̀. Àrokò ń dé, ara ni kò kà á dáadáa mọ́. Ó lè wà lára èèyàn fún ọdún púpọ̀ láìjẹ́ kó gbẹ. Ọ̀pọ̀ wọn ló sanra, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ń dán, tí àwọn èèyàn ń kí wọn kú oríire ayé jíjẹ. Bí wọ́n bá ń retí gbígbẹ kí wọ́n tó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ojú wọn, kíndìnrín wọn àti ìmọ̀lára ẹsẹ̀ wọn lè ti bàjẹ́ kí gbígbẹ náà tó dé. Àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn kí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó dáyé ló sọ àìsàn yìí lórúkọ, ohun tí ojú rí lórí ẹní àìsàn ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Wọn kò rí ẹni tí kò tíì dùbúlẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni gẹ̀gẹ̀, tó jẹ́ ti gílándì iwájú ọ̀fun. Wíwú ọrùn tí gbogbo ọjà ń rí ló gba orúkọ. Gílándì náà lè ṣiṣẹ́ jù tàbí kó ṣiṣẹ́ kù láìwú rárá, a kò sì ní orúkọ fún ìyẹn. Àwọn tó ń la òkú ló fi èdè Gíríìkì àti Látìn sọ gílándì lórúkọ, nítorí náà ni orúkọ wọn ṣe jẹ́ asà fún ti ọ̀fun yìí, erékùṣù, kẹ̀lẹ̀bẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kíndìnrín. Ìrísí àti ibi tí nǹkan wà ni wọ́n mọ̀. Tiwa, ẹni tó ń gbé póò ìtọ̀ jáde ní ìdájí ló sọ ọ́. Èmi rí i gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ obìnrin, ìyàwó tàbí ìyá, ẹni tó mọ iye ìgbà tí ilẹ̀kùn dún lóru.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló sọ ọ́ níkẹyìn. Nígbà tí dókítà ilé ìwòsàn kejì ń ṣàlàyé fún wa nípa ṣúgà àti insulin, bàbá ṣì ń mirí pé òun kì í jẹ ṣúgà. Ìyá fọwọ́ kan apá rẹ̀. Ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ mi, àtọ̀gbẹ ni wọ́n ń sọ." Bàbá dákẹ́. Ó wo ìbàdí ṣòkòtò rẹ̀ níbi tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbà á wọlé lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní, "Háà."

Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ló ń gún insulin báyìí, òun fúnra rẹ̀ ló ń gún un. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ abẹ́rẹ́ tipẹ́. Nígbà tí mo lọ kí i kẹ́yìn, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ, ṣòkòtò yẹn wà lórí itan rẹ̀, ó ń fi ṣẹ́ńbẹ́ já òwú ìránṣọ kẹta, ó ń tú u.